Ìpàkọ́ Fàthíà

Ìpàkọ́ ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ rí. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìpàkọ́ rẹ̀ ni mo rí.

Fọ́tò mẹ́ta ni Ṣàmsúdéènì kó sórí tábìlì mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, pẹ̀lú ìdì ìwé ilé ẹjọ́ kan. Ó ní kí n bá òun ṣe ẹ̀dà méjì méjì. Mo gbé fọ́tò kẹta sórí ẹ̀rọ, mo fẹ́ pa ìdérí dé, ọwọ́ mi sì dúró.

"Ṣé iná ti lọ ni, mà?" ó bi mí.

"Iná ò lọ. Jókòó."

Fàósátù Olúsànyà lorúkọ mi. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, mọ́kànlá nínú rẹ̀ lẹ́ka ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sílé. Ní báyìí, ìsọ̀ fọ́tókọ́pì ni mo ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù ìdílé ní Ìsọlọ̀. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì kì í kàwé. Gbogbo àṣírí ìgbéyàwó tó bàjẹ́ láti Mafoluku dé Apakun ló ń gba abẹ́ ẹ̀rọ mi kọjá, mo sì ń kà á. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n kà á, kó lọ máa fi ọwọ́ dà á kọ.

Ọ̀rọ̀ Ṣàmsúdéènì kò le láti yéni. Òun àti Bàṣírátù ìyàwó rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Nígbà náà, ó ní ìsọ̀ aṣọ ní Aswani. Ilé ẹjọ́ wo ìsọ̀ náà, wọ́n bu iye tí yóò máa san lóṣooṣù fún ìtọ́jú Fàthíà, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tí wọ́n ní kó máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò pé ọdún kan tí iná fi jó ìsọ̀ náà kanlẹ̀. Ọkùnrin náà di alágbàrù ní pápákọ̀ òfurufú. Èèyàn tó ní làákàyè ì bá padà lọ sọ fún kóòtù pé nǹkan ti yí. Ṣàmsúdéènì kò lọ. Ó ní òun rò pé wọ́n á ti gbọ́, nítorí gbogbo Ìsọlọ̀ ló rí èéfín náà. Ẹ ò rí nǹkan! Kóòtù kì í rí èéfín, ìwé ni kóòtù ń rí.

Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè náà ń gorí ara wọn lóṣooṣù, títí ó fi ga ju olówó rẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ sẹ́wọ̀n ló tó sáré wá bẹ̀bẹ̀ pé kí kóòtù tún ìṣirò àwọn ọdún tó ti kọjá ṣe. Màdáámù Adájọ́ fún un di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí kò bá mú ẹ̀rí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wá, ẹ̀wọ̀n ni. Bàṣírátù ní tirẹ̀ ti fi ìwé ìbúra dáhùn: ọ̀dọ̀ òun ni Fàthíà ń gbé ní Mafoluku, òun ló sì ń rán an lọ sí ilé ìwé Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ní Àjàò Estate. Ó wá kó fọ́tò mẹ́ta tì í, ọ̀kan fún oṣù kẹsàn-án ọdún kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà nínú yunifọ́ọ̀mù.

"Ṣé o ti wo àwọn fọ́tò yìí?" mo bi í.

"Mo ti wò wọ́n, mà. Ọmọ mi ni."

"O wò wọ́n, o ò rí wọn. Ìgbà wo lo fi ojú kan ọmọ yìí gbẹ̀yìn?"

Ó wolẹ̀. "Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta, mà."

"Ọdún mẹ́ta! Láti ọ̀dọ̀ rẹ ní Apakun sí Mafoluku, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín!"

"Ojú ló ń tì mí, mà. Bàbá tí kò sanwó, ṣé ọwọ́ òfo ni màá fi wọlé tọ ọmọ? Tó bá ní, 'Bàbá mi, kí lẹ rà bọ̀?' kí ni màá sọ?"

Mo pòṣé. Mo tẹ́ fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú rẹ̀.

"Wò ó. Ilé ìwé Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ní àtẹ irun. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní irun tí gbogbo ọmọbìnrin ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dì. Bí wọ́n bá ní ṣùkú ni, ṣùkú ni. Ọmọ tó bá di nǹkan mìíràn, ẹnu gẹ́ètì ni wọ́n ti máa dá a padà. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo tọ́, ojú mi rí màbo lọ́wọ́ àtẹ irun. Ó yá, wo fọ́tò àkọ́kọ́. Irun wo ló wà lórí Fàthíà?"

"Kòlẹ́sẹ̀."

"Ó dára. Wo ìkejì àti ìkẹta. Wọ́n fa fìlà ilé ìwé bò ó dé etí. Ṣùgbọ́n ó yí ọrùn díẹ̀. Wo ìpàkọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ irun dà? Irun dídì yòówù kó jẹ́, fìlà ò lè bo gbogbo rẹ̀ ní ìpàkọ́. Ìpàkọ́ ọmọ yìí mọ́ bíi ti ọkùnrin. Wọ́n ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ó mú fọ́tò náà, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Tún wo èjìká yunifọ́ọ̀mù náà bó ṣe ṣubú dé apá. Ẹni tó sanra jù ú lọ ló ni ín. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún un láti ya fọ́tò ni. Ọmọ yìí kò sí nílé ìwé náà, Ṣàmsúdéènì. Ẹni tó bá sì purọ́ ilé ìwé lè purọ́ ilé. Níbo lọmọ rẹ wà?"

Ojú rẹ̀ là. Ọlọ́run ló mọ̀, n ò lè gbàgbé bí ojú yẹn ṣe là. "Mà, tó bá jẹ́ pé kò sí lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ láti ọjọ́ yìí, a jẹ́ pé wọn ò lè ní mo jẹ gbèsè yẹn mọ́!"

"Mo bi ọ́ pé níbo lọmọ rẹ wà, ò ń bá mi sọ̀rọ̀ gbèsè."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, nítorí mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń sọ ni. Nígbà tó yá, ó ní ó dá òun lójú pé ọ̀dọ̀ ìyá Bàṣírátù ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n gbé Fàthíà lọ. Ó búra, ó fi ìka kan ilẹ̀. Mo gba nọ́ńbà màmá náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo pe Ìsẹ́yìn. Mo ní èmi ni mo kọ́ Fàthíà ní kéú nígbà kan rí, mo sì fẹ́ kí i.

"Fàthíà kẹ̀?" ni màmá dáhùn. "Ọmọ tó wà l'Ékòó lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀? Mo ti fojú sọ́nà títí. Ọdún Iléyá mẹ́ta rèé tí mo ti ń dá itan ẹran ẹ̀ sí. Ìyá ẹ̀ ń sọ pé ilé ìwé ò jẹ́ kó ráyè. Ṣé ó ti ga, ìwọ tó o mọ̀ ọ́n?"

Mo ní ó ti ga. Irọ́ ni mo pa fún arúgbó, ọkàn mi ò sì balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá kò mọ ibi tí ọmọ wà, ìyá àgbà kò mọ̀. Ó ku ìyá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ ọjà gan-an ní Aswani, èrò máa ń pọ̀ débi tí ẹnikẹ́ni kò ní fura sí obìnrin tó ń fọwọ́ pa aṣọ. Mo dúró níwájú pátákó tí Bàṣírátù fi ń ta aṣọ níbẹ̀ bíi ẹni tó fẹ́ ra àǹkárá. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dùn lórí ọjà.

"Ìyá Fàthíà, wọ́n ní ọmọ yín wà ní Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ọmọ-ọmọ tèmi náà fẹ́ wọbẹ̀."

Ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà! Ó ti parí prámárì, ó ti bọ́ sí sẹ́kọ́ńdírì wọn báyìí. Ẹ wá wò ó." Ó fa fóònù yọ lábẹ́ ìró, ó ṣí fọ́tò kẹta bí ẹni tó ń fi wúrà hàn. Mo wo fọ́tò, mo sì wo òkè fọ́tò. Orí Wásáàpù ló wà, ẹnì kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí "Àǹtí Oyinkán" ló fi ránṣẹ́ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ọmọ tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà pẹ̀lú rẹ, ta ni yóò tún máa fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ?

"Irun wọn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù," mo ní. "Èwo ni tọ̀sẹ̀ yìí?"

Ó tún aṣọ orí pátákó tò. "Kòlẹ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń dì, mà."

"Kòlẹ́sẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Ẹ̀n... Ọmọ yín ṣì máa mọ̀ ọ́n, mà. Yáàdì mélòó ni kí n gé?"

Mo ra yáàdì méjì tí n kò nílò, mo bá tèmi lọ. Orí mi dàrú. Obìnrin náà purọ́ nípa ilé, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò mọ irun ọ̀sẹ̀ yìí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, nítorí irun dídì yẹn ló ń jẹ ọjọ́ Àìkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀rọ̀ wá òpùrọ́ púpọ̀ lẹ́nu wò, òpùrọ́ kì í fi irú ayọ̀ yẹn fi fọ́tò hàn. Obìnrin yìí gbà gbọ́ pé ọmọ òun ń lọ sílé ìwé. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà tí mo ronú dé ibẹ̀, n kò ní irú rẹ̀ rí látìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀.

Lọ́jọ́rú, mo lọ sí Àjàò Estate. Òdìkejì gẹ́ètì Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni ìsọ̀ onídìrí kan wà, Lateefah ló ń jẹ́. Bẹ́ńṣì kan wà níwájú ìsọ̀ náà, àtẹ irun ilé ìwé sì wà lára ògiri, ti ọdún yìí lé orí ti ọdún tó kọjá. Mo fi ọwọ́ tọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ya fọ́tò kẹta. Ṣùkú ni.

"Àǹtí, kí lẹ ń wá lára ògiri mi?" Lateefah ní. Òòyà wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo gbé fọ́tò fún un. "Ṣé o mọ ọmọ yìí? Wọ́n ní ó wà nílé ìwé yìí."

Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ilé ìwé wo? Tóyìn nìyí! Ọmọọ̀dọ̀ Màdáámù Oyinkán. Ta ló wọ yunifọ́ọ̀mù Kọ́láolúwa fún un?"

Mo di bẹ́ńṣì mú.

"Ó máa ń wá síbí?"

"Gbogbo Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló ń mú Kọ́láolúwa, ọmọ màdáámù ẹ̀, wá dìrí. Á gbé báàgì ẹ̀ dání, á jókòó sórí bẹ́ńṣì tẹ́ ẹ dì mú yẹn, á dúró de ọmọ yẹn títí a ó fi ṣe tán. Àánú ẹ̀ máa ń ṣe mí. Ọmọ náà gbọ́n o. Tí mo bá gbàgbé irun ọ̀sẹ̀, òun ló ń rán mi létí." Ó wo ojú mi, ẹ̀rín rẹ̀ sì kú. "Àǹtí, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo gba fọ́tò náà padà. Láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Mafoluku kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ.

Mo tẹ Sájẹ́ǹtì Rùfáì láago, ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ tó sì ti di ọ̀gá báyìí. Ó ní kí n fara balẹ̀: ká tó wọ ilé ẹlòmíì, ká ní ọ̀rọ̀ ọmọ náà lọ́wọ́, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn ọmọdé sì wà ńbẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi dúró de ọjọ́ Àìkú yẹn le fún mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ti jókòó sórí bẹ́ńṣì náà kí wọ́n tó dé. Kọ́láolúwa ló kọ́kọ́ wọlé, ọmọ tó sanra, tó ń tẹ fóònù. Ọmọ kejì tẹ̀ lé e pẹ̀lú báàgì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì, ó gbé báàgì lé itan. Síkáàfù wà lórí rẹ̀. Àwọn ìka rẹ̀ ti bó nítorí ọṣẹ. Lateefah mú Kọ́láolúwa wọ inú lọ.

"Kí lorúkọ rẹ?" mo bi í.

"Tóyìn, mà."

"Èyí tí ìyá rẹ sọ ọ́ ńkọ́?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Màdáámù ní ó ṣòro láti pè."

"Èmi lè pè é. Fàthíà ni."

Kò sunkún. Ì bá sunkún, ì bá sàn fún mi. Ńṣe ló wò mí bí ẹni pé mo gbé nǹkan tó ti sọnù tipẹ́ fún un, tí kò sì dá a lójú pé tòun ni. Ó rọra ní, "Ẹ má sọ fún Màdáámù pé ẹ pè mí bẹ́ẹ̀, mà."

"Ta ló gé irun rẹ?"

"Wọ́n ní irun ń gba àkókò. Iṣẹ́ pọ̀."

"Ṣé wọ́n ti rán ọ lọ sílé ìwé rí, láti ọjọ́ tó o ti dé ọ̀dọ̀ wọn?"

"Wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ irun wọn, mà." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka: "Ọ̀sẹ̀ kìíní ṣùkú, ìkejì pàtẹ́wọ́, ìkẹta kòlẹ́sẹ̀, ìkẹrin ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀..." Ó kà á tán dé ọ̀sẹ̀ kẹtàlá láìṣe àṣìṣe kan.

"Fọ́tò yìí ńkọ́?"

"Tí sáà tuntun bá ti wọlé, wọ́n máa ń ní kí n wọ aṣọ Kọ́lá. Wọ́n ní ìyá mi ló ń bèèrè." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín inú fọ́tò yẹn gan-an. "Mo máa ń rẹ́rìn-ín dáadáa, mà, torí pé ìyá mi ló máa wò ó. Mi ò fẹ́ kó rò pé mi ò moore."

Mo yíjú sẹ́yìn, mo nu ojú mi. Ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ọmọ ọdún méjìlá kan ló wá fi ẹ̀rín pa mí lẹ́kún. Rùfáì àti òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń dúró nínú mọ́tò ní ìkángun òpópónà. Mo gbé ọwọ́ sókè sí wọn.

Lọ́jọ́ kejì, a pe Bàṣírátù sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ti rò pé yóò jiyàn. Nígbà tí mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń fọ abọ́ ní Àjàò Estate, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ẹ ti ṣì í, mà. Àǹtí Oyinkán oníbàárà mi ni, ẹni rere ni. Ìgbà tí owó bàbá Fàthíà dáwọ́ dúró, tí mo ń sunkún lórí pátákó, àwọn ló ní kí n gbé ọmọ wá, àwọn á fi sílé ìwé kan náà pẹ̀lú ọmọ tiwọn. Díẹ̀díẹ̀ tí mo bá rí ni mo ń fi ránṣẹ́ sí wọn fún owó ìwé."

"O ti lọ wò ó rí?"

"Wọ́n ní tí mo bá ń wá, kò ní jẹ́ kó fara mọ́lé."

"Ogún ìṣẹ́jú, Bàṣírátù!"

"Mà, ẹni tó ń bá ọ tọ́ ọmọ, tí kò gba nǹkan tó tó nǹkan lọ́wọ́ ẹ, ṣé wàá lọ máa ṣọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà? Wọn ò ní sọ pé aláìmoore ni mí?" Ó wo Rùfáì, ó wò mí. "Mo búra fún kóòtù pé ọ̀dọ̀ mi ló wà torí pé wọ́n ní tí ọmọ ò bá gbé lọ́dọ̀ mi, owó náà á tú ká. Owó ilé ìwé ẹ̀ ni mo rò pé mò ń bèèrè. Ẹ̀rí ilé ìwé ni mo kó síwájú Adájọ́..."

Ibẹ̀ ni ó ti yé e. Mo rí i bó ṣe yé e. Ó fi orí lu tábìlì, igbe tó ké gba gbogbo àgọ́ náà. Bàbá kò lọ nítorí ojú ń tì í láti wá lọ́wọ́ òfo. Ìyá kò lọ nítorí ojú ń tì í láti dà bí aláìmoore. Àárín ìtìjú méjèèjì ni wọ́n sọ ọmọ nù sí.

Ọjọ́bọ̀ dé. Kóòtù ìdílé wa kò tóbi, òórùn ìwé àti òógùn ló wà níbẹ̀. Mo jẹ́rìí, Lateefah jẹ́rìí, ó mú àtẹ irun rẹ̀ dání. Màdáámù Adájọ́ ka gbogbo rẹ̀ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ó ti hàn sí kóòtù pé fún ọdún mẹ́ta, ọmọ yìí kò gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. A tún ìṣirò ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Bàbá kò jẹ gbèsè wọn mọ́, kò sì ní lọ sẹ́wọ̀n."

Ṣàmsúdéènì mí kanlẹ̀. Kò tíì mí tán nígbà tí Adájọ́ yíjú sí i.

"Bàbá, ojú ewé mẹ́sàn-án ni ìwé ẹ̀bẹ̀ yín. Mo ka gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ ìsọ̀, ẹ sọ̀rọ̀ iná, ẹ sọ̀rọ̀ ẹrù tí ẹ ń gbé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni orúkọ ọmọ yín wà nínú rẹ̀."

Ti Bàṣírátù burú jù ú lọ. Ìbúra èké ni ó ṣe, òfin kì í sì í bi ìyá bóyá wọ́n tan òun náà jẹ kó tó búra. Wọ́n ní kí ọlọ́pàá mú un lọ, kó máa dúró de ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rí tí mo fi ìpàkọ́ ọmọ wá, òun ni okùn tí wọ́n fi dè é. Oyinkán ńkọ́? Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín: wọ́n mú un ní ọjọ́ Àìkú, lọ́yà rẹ̀ sì ti gba béèlì rẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ Ajé tó mú.

Adájọ́ ní kí wọ́n mú ọmọ wọlé. Ó wọ aṣọ tí ìjọba fún un. Ojú rẹ̀ kan ìyá rẹ̀ láàárín ọlọ́pàá obìnrin méjì, ó sì dúró.

"Má bẹ̀rù," Màdáámù Adájọ́ ní, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Kí lorúkọ rẹ?"

"Tóyìn, mà."

Bàṣírátù kígbe, "Fàthíà! Fàthíà ni! Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, Fàthíà ni!" Ọmọ náà kúnlẹ̀ kíákíá, ó ń bẹ gbogbo wa pé ká má bínú, pé òun ṣì í sọ ni. Wọ́n mú ìyá rẹ̀ jáde. Adájọ́ kọ nǹkan sínú ìwé, ó pẹ́ kó tó gbé ojú sókè. Ó ní bàbá kò mọ ibi tí ọmọ wà, ìyá kò mọ̀. Kó máa lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọdé ti ìjọba títí wọn yóò fi wo ẹni tó lè gbà á.

Lóde, bẹ́ńṣì kan wà lábẹ́ fèrèsé kóòtù. Fàthíà ti jókòó sí ìpẹ̀kun rẹ̀, ó gbé ọ̀rá aṣọ rẹ̀ lé itan bó ṣe máa ń gbé báàgì Kọ́láolúwa. Òṣìṣẹ́ ìjọba wọlé lọ gba ìwé. Ṣàmsúdéènì dúró lọ́ọ̀ọ́kán lábẹ́ igi, ìwé ìdáǹdè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mi orí sí i pé kó wá. Ó tẹ̀ síwájú ní ẹsẹ̀ méjì, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó dúró. Ó fi ọwọ́ tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ bóyá ó lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Mo pariwo pé, "Ṣàmsúdéènì, wá bẹ́ẹ̀!" Ó ní kí n fún òun ní ìṣẹ́jú kan, òun fẹ́ ra bísíkíìtì wá fún un. Ó gba ẹnu gẹ́ètì jáde.

Mo jókòó ti ọmọ náà. Síkáàfù rẹ̀ ti yọ̀, mo rí ìpàkọ́ rẹ̀ nítòsí fún ìgbà àkọ́kọ́. Àpá abẹ ìfárí wà níbẹ̀, kékeré, ó ti jinná. Mọ́tò ìjọba dé ẹnu gẹ́ètì, ó fọn fèrè. Bàbá rẹ̀ kò tíì padà dé.

"Mà," Fàthíà ní, "ta la ń dúró dè?"

Mo wo ẹnu gẹ́ètì. Mo bá a fa síkáàfù náà bò ó.